Ibi Tí Oòrùn Ọ̀sán Ń Sùn Mọ́jú

Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù ní Àkúrẹ́ nínú oṣù Fébúárì, oòrùn ti wọ̀ láti nǹkan bíi wákàtí méjì sẹ́yìn. Síbẹ̀, kí ènìyàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní àdúgbò Ìsọlọ̀ tàbí Òkè-Àró, yóò bá a tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Lókè orí, páànù ń dún kà, kà, kà: ó ti nà lọ́sàn-án, ó wá ń sún kì padà. Àwọn ọmọdé ti tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà gbé àpótí síta, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn nítorí pé iná ti lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ yàrá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nínú oko kòkó kan lójú ọ̀nà Ìdànrè, ẹni tó bá sun ahéré á wá aṣọ ìbora kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrì á ti sẹ̀ sórí ewé, koríko á tutù débi pé ṣòkòtò ẹni tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á rin dé orúnkún. Ojú ọ̀run kan náà ló bo àwọn méjèèjì. Oòrùn kan náà ló pa wọ́n lọ́sàn-án. Ibi tí wọ́n wà síra wọn kò ju ìrìn ọkadà díẹ̀ lọ.

Yorùbá ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ní ìlú ńlá òde òní, oko ló kù tí ara ti ń rí ìsinmi. Ilé ti di ibi tí ènìyàn ń làágùn sí mọ́jú.

Erékùṣù ooru ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pe ọ̀rọ̀ yìí. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Kí ènìyàn fojú inú wo Àkúrẹ́ láti òkè lóru: igbó, oko kòkó, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló yí i ká bí omi tútù, ìlú fúnra rẹ̀ wá yọ sókè láàárín wọn bí ilẹ̀ gbígbóná. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ayé tó ń gbóná sí i lápapọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ lórí rédíò. Èéfín epo àti gáàsì tí gbogbo ayé ń sun ló fa ìyẹn, kò sì sí abúlé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Erékùṣù ooru ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí ìlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù, títì lẹ́yìn títì. Ẹrù méjì ni, orí kan náà ló sì ń rù ú.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan wà ní London tó ń jẹ́ Luke Howard. Egbòogi àti kẹ́míkà ló ń ṣe tà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ló gba ọkàn rẹ̀. Òun ló sọ àwọn ìkùukùu ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń pè wọ́n títí dòní. Ojoojúmọ́ ló ń ka tẹ́mómítà ní ẹ̀yìn odi London, tó sì ń fi ohun tó rí wé èyí tí wọ́n kà láàárín ìlú. Ìwé rẹ̀ lórí ojú ọjọ́ London bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1818. Ohun tó bá pàdé níbẹ̀ ni pé lọ́sàn-án, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú àti ìgbèríko kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lóru, ìlú ń gbóná ju ìgbèríko lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. London ìgbà náà kò ní mọ́tò, kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bíríkì, òkúta àti iná èédú ló ní.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìbàdàn kò ṣeé fojú fò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìlú tí páànù rẹ̀ tó dípẹtà nà lọ láti òkè kan dé òkè kejì. Ní 1987, onímọ̀ kan, Y. R. Adebayo, tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí bí Ìbàdàn ṣe ń gbilẹ̀ ń ṣe sí ooru ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ sì ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: yunifásítì tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ tirẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí FUTA, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Àkúrẹ́ di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọdún 1976 yẹn ṣe pàtàkì. Oṣù Fébúárì ọdún náà ni ìjọba Murtala Muhammed gé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ìlú tó jẹ́ ti Déjì, ọba rẹ̀, àti àwọn àgbẹ̀ kòkó di ibùjókòó ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ilé iṣẹ́ ìjọba hù ní Alágbàká, àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé wọn, ilé ń jẹ oko lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ojú ọ̀nà Oǹdó, ojú ọ̀nà Ìdànrè. Nígbà tí wọ́n fi ka ènìyàn ní 2006, Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan ti ní ju 350,000 ènìyàn lọ. Ẹni tó bá bá Àkúrẹ́ nígbà tí oko kòkó ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Nínú ìlú tó ń gbilẹ̀ báyìí ni Ahmed Balogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní FUTA gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀. Wọ́n ń wọn ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ní àárín ìlú, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n lásìkò kan náà ní ibi tí ilé kò ti pọ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Ìwádìí náà jáde ní 2012. Bíi ti Howard ní London, òru ni erékùṣù náà máa ń hàn jù. Lóru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárín Àkúrẹ́ lè fi ìwọ̀n 4 gbóná ju ìgbèríko lọ. Lásìkò òjò, kì í ju nǹkan bí ìwọ̀n 2. Afẹ́fẹ́ àárín ìlú sì gbẹ ju ti ìgbèríko.

Ìwọ̀n 4 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀sán oṣù Máàṣì ní Àkúrẹ́ lè kọjá ìwọ̀n 33. Ṣùgbọ́n òru kọ́ ni ọ̀sán. Ìwọ̀n 22 lóru ni kí ènìyàn fa aṣọ bora. Ìwọ̀n 26 nínú yàrá tí kò sí fáànù, tí ènìyàn mẹ́rin sùn sí, tí wọ́n ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn àti olè, ni kí ọmọ máa sunkún mọ́jú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Ohun mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àkọ́kọ́ ló sì lágbára jù. Búlọ́ọ̀kù, kankéré àti ọ̀dà ojú títì jọ oníṣòwò tó ń ra ọjà pamọ́ lọ́sàn-án tó wá ń tà á lálẹ́. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń gba ooru sínú. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tí ilẹ̀ oko sì ti ń tutù, ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiwọn jáde, wọ́n á sì máa tú u títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Páànù kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: kíákíá ló ń gbóná, kíákíá ló ń tutù. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, páànù tó ti dípẹtà máa ń gbá oòrùn mọ́ra ju páànù tuntun tó ń dán lọ, ó sì ń rọ ooru náà sí orí àjà àti ara ògiri tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èkejì ni omi. Igi ń mu omi láti inú ilẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń tú omi náà dà sínú afẹ́fẹ́ bí òógùn. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa omi tó ń gbẹ: lítà omi kan ṣoṣo tó bá gbẹ kúrò lára ewé yóò gbé ooru tó tó láti fi se lítà omi 7 débi tí yóò fi hó. Igi ńlá lè tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ lítà dànù láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó bá gé igi mọ́ńgòrò ẹ̀yìnkùlé láti fi kankéré rọ́pò rẹ̀ ti pa ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í béèrè iná mànàmáná. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí abẹ́ kòkó fi máa ń tutù: òjìji rẹ̀ ṣe tirẹ̀, òógùn ewé rẹ̀ náà ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bí ilé ṣe tò. Lóru, ohun gbogbo tó bá gbóná máa ń fi ooru rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run. Pápá oko rí ojú ọ̀run gbòòrò, nítorí náà ó ń tutù kíákíá. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn Ọjà Ọba, níbi tí òrùlé ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti èkejì, ojú ọ̀run tí ilẹ̀ ń rí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ògiri kan fi ooru ránṣẹ́, ògiri kejì gbà á, ó dá a padà. Afẹ́fẹ́ tí ì bá gbé e lọ kò ráyè wọlé. Nítorí ojú ọ̀run yìí náà ni ẹ̀ẹ̀rùn fi le ju òjò: ìkùukùu jẹ́ aṣọ ìbora fún ìlú àti oko bákan náà, kì í jẹ́ kí oko tètè tutù. Tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, oko á tú ooru rẹ̀ dànù láàárín wákàtí díẹ̀, ìlú á sì kù sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin ni ooru tí ènìyàn ń dá fúnra rẹ̀: jẹnẹrétọ̀, mọ́tò, iná ìdáná, àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kó ooru inú ilé kan dà sí ojú fèrèsé ilé kejì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni òótọ́ àti àròsọ ti ń pínyà. Kò sẹ́ni tí kò lè sọ pé ìlú gbóná. Ohun tí àwọn tó ń ṣètò ìlú nílò ni iye, ibi tó pọ̀ sí jù, àti aago tó ń ṣẹlẹ̀. Iye tó ń hàn lórí fóònù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìṣirò kọ̀ǹpútà fún agbègbè ńlá ni, kì í ṣe pé ẹnì kan wọ̀n ọ́n ní Arákálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbé tẹ́mómítà kọ́ ara ògiri tó wà nínú oòrùn: ooru ògiri ló ń kà, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́.

Nítorí èyí ni wọ́n fi máa ń fi tẹ́mómítà sínú àpótí funfun tí ara rẹ̀ ní àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fèrèsé àtijọ́, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ní gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà àgbàlagbà. Thomas Stevenson, ẹnjiníà ọmọ Scotland tó ń kọ́ ilé iná etí òkun, ló ronú kan irú àpótí yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀dà funfun ń ta oòrùn dànù. Àlàfo ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Òrùlé rẹ̀ ń gba òjò. Gbogbo ọmọ ilé ìwé gíga tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ti rí àwòrán rẹ̀ rí. Lóde òní, dípò kí ènìyàn máa jí lóru láti ka nọ́ḿbà, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ lè wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, kó máa kọ ooru àti ọ̀rinrin sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n kì í bọ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rọ kan kò tó. Méjì ni, kí wọ́n sì jẹ́ bí ìbejì. Kí wọ́n tó pín wọn níyà, wọ́n á kọ́kọ́ gbé wọn sí ojú kan fún ọjọ́ mélòó kan láti mọ̀ bóyá wọ́n ń sọ ohun kan náà. Tí ọ̀kan bá ń fi ìdajì ìwọ̀n ga ju èkejì lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú ìṣirò. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ ẹ̀rọ ni wọn yóò máa pè ní ìyàtọ̀ ìlú. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan lọ sí ìlú, èkejì lọ sí oko, aago kan náà ni àwọn méjèèjì á máa kọ̀wé. Ìyọkúrò ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ìṣirò rẹ̀: ooru ìlú, yọ ooru oko kúrò, ohun tó kù ni erékùṣù.

Ibi tí wọ́n gbé ti oko sí ló ń da ọ̀pọ̀ ìwádìí rú. Ìdànrè jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Òkè Ìdànrè tutù, gbogbo ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé orí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé tẹ́mómítà kejì lọ síbẹ̀ láti fi wé Àkúrẹ́, ẹ̀tàn ni, nítorí pé gíga ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dín ooru kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 0.6 fún gbogbo mítà 100 tí ènìyàn bá gùn. Bákan náà ni àfonífojì etí odò, ibi tí afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn wá jókòó sí lóru. Ilẹ̀ tó ga tó Àkúrẹ́, tó tẹ́ tó Àkúrẹ́, tí kò ní ohun mìíràn tó yà á sọ́tọ̀ ju pé kò sí ilé, ni wọ́n ń wá.

Ìlú náà kì í ṣe ẹyọ kan. Alágbàká tí àwọn ilé ìjọba wà, tí àyè àti igi ṣì wà láàárín ilé, kò lè gbóná bí Ìsìkàn tàbí Arákálẹ̀ lóru. Ní 2012, ọdún tí ìwádìí Àkúrẹ́ jáde, àwọn onímọ̀ méjì, Iain Stewart àti Tim Oke, dábàá pé kí àwọn olùwádìí yéé sọ pé "ìlú" àti "ìgbèríko" lásán. Wọ́n pín ilẹ̀ sí oríṣi 17: mẹ́wàá fún ibi tí ilé wà, gẹ́gẹ́ bí ilé ṣe ga tó tí wọ́n sì fún mọ́ra tó, méje fún igbó, koríko, omi àti irú wọn. Èyí ló jẹ́ kí ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ lè fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ẹni tó wà ní Accra láìṣe pé wọ́n ń fi ọsàn wé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n so tẹ́mómítà mọ́ mọ́tò, kí wọ́n sì wà á gba ìlú já lóru. Onímọ̀ kan, Wilhelm Schmidt, ti ṣe é ní Vienna láti 1927. Ní Àkúrẹ́, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Ọ̀wọ̀, á gba Ọba-Ilé wọ Alágbàká, á tọ títì Ọba Adésìdà dé Ọjà Ọba, á sì jáde sí ojú ọ̀nà Oǹdó. Ẹni tó bá ń wo nọ́ḿbà lórí ẹ̀rọ náà á rí i tó ń gòkè bí ilé ṣe ń fún mọ́ra, tó sì ń sọ̀ bí ilé ṣe ń tán. Ọlọ́kadà tó ń ti oko bọ̀ lálẹ́ ti mọ èyí pẹ̀lú awọ ojú rẹ̀ tipẹ́.

Sátẹ́láìtì náà wà níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ti lo àwòrán Landsat ti Amẹ́ríkà lórí Àkúrẹ́ láti wo bí ilé ṣe ń jẹ igbó àti bí ojú ilẹ̀ ṣe ń gbóná sí i. Àwòrán rẹ̀ wúlò, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ ó yẹ kí olùkàwé mọ ohun tó ń wò. Ooru orí páànù àti ojú títì ni sátẹ́láìtì ń rí láti òkè, kì í ṣe ooru afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí. Páànù lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ènìyàn lọ́wọ́ lọ́sàn-án nígbà tí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìwọ̀n 32. Láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá òwúrọ̀ ló máa ń kọjá lórí wa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 16, bí ìkùukùu bá sì bo ilẹ̀, bó ṣe máa ń rí ní Júlàì, kò rí nǹkankan. Òru tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kò sí nínú àwòrán òwúrọ̀. Ìdí nìyí tí àpótí funfun orí ẹsẹ̀ mẹ́rin kò fi tíì di ohun àtijọ́.

Àwọn ará FUTA kò dúró lórí wíwọn ìṣòro nìkan. Morakinyo, Balogun àti Adegun mú ilé méjì tó jọra nínú ọgbà yunifásítì náà. Igi ṣíji bo ọ̀kan. Oòrùn ń pa èkejì tààrà. Wọ́n wọn ooru inú àti ìta àwọn méjèèjì. Nínú ilé tí kò ní igi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú àti ìta gòkè dé ìwọ̀n 5.4. Èyí tó ní igi kò kọjá 2.4. Ilé kan náà ni, ìlú kan náà, páànù kan náà; igi ló yà wọ́n. Ní 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún kọ nípa iye iná mànàmáná tí irú òjìji bẹ́ẹ̀ lè dín kù fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù. Ó yẹ kí nọ́ḿbà méjèèjì yìí wà lórí tábìlì ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gé igi ẹ̀gbẹ́ títì nítorí àtifẹ ọ̀nà. Kì í ṣe pé kí wọ́n má fẹ ọ̀nà. Kí wọ́n mọ iye tí ó ń náni ni.

Ìlú Oǹdó kò jìnnà sí Àkúrẹ́ ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ, ọ̀rọ̀ náà sì kàn án. Ìlú Ọṣemàwé, ọba Oǹdó, ti di ìlú ńlá láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ìkànìyàn 2006, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó ní ju 280,000 ènìyàn lọ. Láti Yábà lọ sí Ọ̀ka, ilé ti fún mọ́ra, páànù ti dípẹtà, ọ̀pọ̀ títì ti gba ọ̀dà. Ọmọ Èkìmọ̀gún kan, ìyẹn ọmọ Oǹdó, lè fẹ́ bi ọmọ Àkúrẹ́ pé ìlú ta ló gbóná jù. Ìbéèrè tó dùn ún fi ṣeré ni, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkankan nípa erékùṣù ooru. Oǹdó kò ga tó Àkúrẹ́, igbó àti òjò wọn kò sì rí bákan náà. Oǹdó gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ wé oko Oǹdó, Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ wé oko Àkúrẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lè fi ìyàtọ̀ wé ìyàtọ̀.

Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NiMet, ní ibùdó ní ìlú méjèèjì. Iṣẹ́ ńlá ni irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìlú kò lè bá a. Ibùdó tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn odi ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn lè wà láàárín ilé lónìí, kó sì jẹ́ pé apá kan nínú ooru tó ń kọ sílẹ̀ jẹ́ ti ilé tó yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí ayé fi gbóná àti iye tí ìlú fi kún un nílò àpótí tó wà lóko tòótọ́.

Ta ni ó ń jìyà rẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e. Ara ènìyàn lè fara da ọ̀sán gbígbóná bí òru bá fún un ní ìsinmi. Bí òru kò bá tutù, ọkàn kò ní dẹ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní sinmi, omi ara á máa gbẹ. Àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn aláboyún, àwọn arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó máa ń kọ́kọ́ kọlù. Ní 2003, ooru tó bo Yúróòpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn pa ju 70,000 ènìyàn lọ. Ní Paris, òru tí kò tutù wà lára ohun tó pa àwọn arúgbó tó ń dá gbé lábẹ́ òrùlé. Ìlú olówó nìyẹn, tó ní ilé ìwòsàn lójú títì gbogbo.

Nítòsí wa, ìlú Freetown ní Sierra Leone ti mú un bí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso. Ní 2021, wọ́n yan Eugenia Kargbo gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ooru lọ, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n na ìbòrí òjìji sókè ọjà mélòó kan, kí àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ má bàa máa fi orí gba oòrùn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ẹ̀fọ́ wọn má sì rọ kí wọ́n tó tà á. Wọ́n ń gbin igi pẹ̀lú, wọ́n sì ń ka àwọn tó yè. Ẹni tó bá ti dúró ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ ní aago méjì ọ̀sán oṣù Máàṣì kò ní béèrè pé kí ni ìyẹn wà fún.

Nǹkan tí Oǹdó àti Àkúrẹ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ kò wọ́n. Ilé ìwé gíga méjì ní Oǹdó, ọ̀kan láàárín ìlú lẹ́bàá Yábà, ọ̀kan ní ìta tó kan oko lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Àpótí onípákó méjì tí káfíńtà kan náà kàn, tí wọ́n kun ní funfun. Tẹ́mómítà méjì tí wọ́n ti fi wé ara wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nítòsí kà á ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́sàn-án alẹ́, láti oṣù Kọkànlá dé ìparí Máàṣì. Nínú ìwé kíkọ wọn, kí wọ́n fa ìlà márùn-ún: ọjọ́, aago, ooru, bóyá ìkùukùu wà, bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ìlà kẹfà á wà fún ohun tí ojú wọn bá rí, bíi kí wọ́n kọ ọ́ pé ìrì sẹ̀ lóko lónìí ṣùgbọ́n orí mọ́tò tó sùn síta nílùú gbẹ táútáú.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀yẹ́ bá dé, tí ojú ọ̀run mọ́, tí ewé kan kò mì, kí àwọn méjèèjì má gbàgbé aago mẹ́sàn-án.